Àkọlé Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n gbà pé bí a bá ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ sójú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì dúdú kirikiri, a ti kọ àkọlé nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1991 tí Tim Berners-Lee ti to àwọn àmì HTML àkọ́kọ́ sílẹ̀ ni àmì àkọlé ti wà nínú wọn, mẹ́fà ni wọ́n, láti h1 títí dé h6. H1 ni orúkọ gbogbo iṣẹ́ náà, h2 ni àwọn ìpín rẹ̀, h3 sì ń bẹ lábẹ́ h2 bí ọmọ ti ń bẹ lábẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ fọ́, tí ó sì ń kàwé ju èmi tí ojú mi là lọ. NVDA ni ó ń ka ọ̀rọ̀ sí i létí. Bí ó bá tẹ lẹ́tà H, a gbé e lọ sí àkọlé tí ó kàn. Bí ó bá tẹ 2, a gbé e lọ sí h2 tí ó kàn. Ṣùgbọ́n níbi tí ó jẹ́ pé lẹ́tà gàdàgbà lásán ni wọ́n fi ṣe àkọlé, kò sí ohun tí yóò bá pàdé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo jókòó tì í bí ó ti ń wá ìpín kẹrin nínú ìwé ẹ̀kọ́ gígùn kan bẹ́ẹ̀. Ó ní láti máa gbọ́ ọ láti òkè wá. Ó bi mí pé, “Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹni tó kọ èyí mọ̀ pé àwa náà ń kàwé?” Oorun gbé e lọ kí ó tó dé ìpín kẹta.

Àwọn oníṣòwò ní tiwọn ń fi àkọlé wá ojú rere Google. Wọn a máa kó ọ̀rọ̀ kan náà sínú h1, sínú h2, bí ẹni ń rọ́ ata sínú ọbẹ̀ tí kò ní ẹran. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa jà pé bí h1 bá pé méjì, ojú ewé náà bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, Google fúnra rẹ̀ ti wí pé kò rí bẹ́ẹ̀: àkọlé a máa jẹ́ kí ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, ṣùgbọ́n iye h1 kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ tò tẹ̀ léra. Ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ kan náà ni ó sọ pé títò wọ́n tẹ̀ léra dára gidigidi fún àwọn tí ń fi etí kàwé.

Bí h2 bá tóbi jù lójú ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó má sáré lọ mú h4. CSS ni í dín lẹ́tà kù, àmì náà yóò sì wà ní ipò rẹ̀.