Alárinà Inú Eérú

Àwọn Yorùbá mọ iṣẹ́ alárinà dájúdájú. Òun ni í mú ọ̀dọ́mọkùnrin mọ ọ̀dọ́mọbìnrin; bí ọkọ àti ìyàwó bá sì ti mọ ojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀ bá. Kì í bá wọn wọ yàrá. Bí ó ti wá náà ni í padà, tí yóò sì tún ṣetán láti so àwọn mìíràn pọ̀. Irú alárinà bẹ́ẹ̀ ń bẹ láàrin àwọn èròjà pẹ̀lú. Catalyst ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè é.

Ní Ovwian, lẹ́bàá Wàrí, alárinà yìí kì í ṣe àlejò. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ irin Ovwian-Aladja ní 1982, èròjà líle tí ó ní nickel nínú ni wọ́n fi ń sọ gáàsì inú ilẹ̀ di irú èyí tí yóò sọ òkúta irin di irin. Ilé ìfọpo Ekpan tí wọ́n ṣí ní 1978 náà ní tirẹ̀: lẹ́búlẹ́bú líle kan tí ń fọ́ epo rọ̀bì tí ó ki sí wẹ́wẹ́ kí ó lè di pẹtiróòlù. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì àti gáàsì kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ lè tún gbìn.

Ní ìlú yìí kan náà ni obìnrin ará Òkìtìpupa kan ti ń ṣe ọṣẹ dúdú. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gbọn ẹyìn kúrò lára rẹ̀ ni ó máa ń sun di eérú. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́míkà wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ náà ń ti ọmọ yìí lójú. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá, a fi ọwọ́ tí eérú bò pa mọ́ sẹ́yìn. Ìyá rí i, kò sì wí nǹkan kan.

Nígbà tí ó padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó ka iṣẹ́ tí Eriola Betiku àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tẹ̀ jáde ní 2014. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n sun di eérú. Wọ́n fi eérú náà ṣe alárinà láàrin methanol àti epo inú èso olómi-òjò, èso olóró tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni epo tí ọkọ̀ oní-díísù lè lò. Potassium inú eérú ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ó wí fún ìyá náà pé, “Mọ́mì, eérú yín yìí ni wọ́n fi ṣe epo ọkọ̀ ní Ifẹ̀.”

Ìyá náà béèrè pé, “Bí epo náà bá ti kan ńkọ́?”

Ẹnu ya ọmọ náà. “Bí ó bá ti kan, tàbí tí omi wà nínú rẹ̀, ọṣẹ ni yóò dà mọ́ wọn lọ́wọ́.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Epo kíkan kì í pẹ́ di ọṣẹ.”

Ọmọ náà wá ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Nínú ọṣẹ, agbára eérú a wọlé, kì í sì í jáde mọ́. Nínú iṣẹ́ epo ọkọ̀, wọ́n lè sẹ́ eérú náà kí wọ́n sì tún un lò; àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń ṣàn lọ. Bí alárinà yóò ṣe pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ó kù tí àwọn onímọ̀ ń wá.

Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gìtá ń náání èèpo igi. Kì í ṣe pé kí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn kí ọkọ̀ lè rìn. Èèpo àti ìdì tí wọ́n ń dà sí ààtàn ni ọ̀rọ̀ kàn, nítorí ọdọọdún ni ìyẹn ń padà wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ yìí gbé ajọ̀ jáde síwájú ilé, ó ń jọ eérú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó juwọ́ sí wọn pẹ̀lú ọwọ́ tí eérú bò.