Ta Ni Yóò Gbé E Wọlé Fún Yín?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, iṣẹ́ dúró nínú yàrá kékeré tí àwa mẹ́rin ti ń kọ sọ́fítíwíà. Kì í ṣe pé iná lọ o. Ààrẹ Buhari ló ń buwọ́ lu àbádòfin tí gbogbo wa mọ̀ sí Not Too Young To Run, orí mẹ́rin sì pé lé fóònù kan lórí, à ń wò ó. Ààrẹ fi àwàdà bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ du ipò òun, kó jọ̀ọ́, kó sún un di ẹ̀yìn 2019. A rẹ́rìn-ín. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Alága kì í ṣe alága ibì kankan. Láti yunifásítì la ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nígbà tí a jọ ń ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, torí pé bí olùkọ́ bá ti pẹ́ dé, òun ló máa ń dìde bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 27 ni lọ́jọ́ náà. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, òfin ní kò tíì dàgbà tó láti jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́, ó ti dàgbà tó. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, 2023 ni mò ń bọ̀." A pàtẹ́wọ́ fún un, a ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà sí i.

Lójú tiwa nígbà yẹn, ariwo ló bí òfin náà. Ṣebí àwa náà wà níbẹ̀, a pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí bátìrì fi kú. Irọ́ kọ́, ariwo wà níbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo nìkan kọ́, ìtìjú ló sì kọ́ wa ní ìyókù.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní ìjọba ìbílẹ̀ tí a wà, gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n kọ́ fún kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá yọjú lójú fèrèsé, ẹ óò rí kọ̀ǹpútà 40 lórí tábìlì, ẹ óò rí àga tí ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Àgádágodo ẹnu ọ̀nà ti dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ àdúgbò ń wá sí yàrá wa, wọ́n ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí àwọn fi kọ̀ǹpútà wa dánra wò fún wákàtí kan péré.

Ní 2021, a gbé ọ̀rọ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tutù lọ́jọ́ kejì. A wá ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọ̀mọ̀wé. A kọ lẹ́tà, a fi máàpù àti fọ́tò sí i, a fi fọ́ọ̀mù tí a fọwọ́ ara wa kọ kóòdù rẹ̀ kó orúkọ èèyàn 412 jọ, a sì fi ímeèlì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Oṣù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. A ní, "Ẹ ò rí i? Àwọn àgbà yìí ò ka ọ̀dọ́ sí."

Alága ló ní ká fẹsẹ̀ ara wa lọ. Ìyá kan la bá ní ọ́fíìsì, ó dàgbà tó ìyá wa. Àwa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin àárín wa kúnlẹ̀. Ìyá gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta ni yóò gbé e wọlé fún yín?"

À ń wo ara wa. Alága ní, "Mà, a ti fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì."

Ìyá rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. "Ìwé kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé yìí. Aṣòfin ẹkùn ìdìbò yín ni yóò dìde gbé e kalẹ̀. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Àwa tí a mọ ẹni tó dá Linux sílẹ̀, tí a lè sọ fún yín pé 1991 ni Python kọ́kọ́ jáde, àwa mẹ́rin pẹ̀lú dìgíríì mẹ́rin, a ò mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú wa ní ibi tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sílé wa. Alága gan-an, tó fẹ́ gba ipò ọkùnrin náà, kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá mú báírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé wa: ẹ kọ ọ́ sí Abẹnugan, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú, kó kọ àdírẹ́sì rẹ̀. Èyí tó kọ gbẹ̀yìn ló dùn wá jù. Ó ní, "Ẹ ti ṣàlàyé ìyà tó ń jẹ yín dáadáa. Ẹ ò sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ilé ṣe."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn la tó lọ wo bí òfin tí a tìtorí rẹ̀ jẹ bọ́ọ̀lì ṣe rìn. Tony Nwulu, tó ń ṣojú ẹkùn Òṣòdì-Ìsọlọ̀ Kejì láti Èkó, ló gbé e wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá ní 2016. Abdulaziz Nyako ló gbé e wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Tí wọ́n bá ka àbádòfin nígbà àkọ́kọ́, àkọlé lásán ni wọ́n ń kà, kò sí àríyànjiyàn. Ní kíkà kejì, ẹni tó gbé e wá á dìde sọ ìdí tó fi yẹ, àwọn kan á gbè é, àwọn kan á ta kò ó. Ìgbìmọ̀ á wá jókòó tì í, wọ́n á tú u wò ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó tó di kíkà kẹta.

Ìwé òfin ìlú fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n fẹ́ tún ṣe níbí, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká kígbe "bẹ́ẹ̀ ni" kí Abẹnugan lu òòlù. Abala 9 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé gbọ́dọ̀ gbà: 240 nínú 360 ní ilé aṣojú-ṣòfin, 73 nínú 109 ní ilé àgbà. Ilé méjèèjì gbà á ní oṣù Keje 2017. Ó tún kù kí ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, nínú 36 fọwọ́ sí i kó tó dé iwájú Ààrẹ. Ọjọ́ orí fún ilé aṣojú-ṣòfin àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kúrò ní 30, ó di 25. Ti ààrẹ kúrò ní 40, ó di 35. Ti gómìnà àti ti ilé àgbà dúró sí 35 tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa á ti rí ohun tí a rí. Kóòdù tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín nìkan, bó ti wù kó dáa tó, kò tíì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kó ní ibí yìí ò dáa, kí ẹ tún un ṣe, kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo ilé. Ojoojúmọ́ là ń gba ìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ láìbínú. Kí ló dé tí a fi rò pé ilé aṣòfin ò ní ní tiẹ̀?

A tún ìwé náà kọ. Sátidé mẹ́ta la fi wọ ilé kiri. Orúkọ 412 orí íntánẹ́ẹ̀tì di ìbuwọ́lù 167 tó jẹ́ ti èèyàn tòótọ́. A wá aṣòfin wa rí, ẹnu yà á pé a wá. Lọ́jọ́ tó gbé e kalẹ̀, orí àga àlejò la wà. Ó dìde, ó ka àkọlé, ó gbé e sórí tábìlì, Abẹnugan ní kó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. A tún kọ́ ohun kan lọ́jọ́ náà: Abala 96 ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé kò bá pé, tí ẹyọ ọmọ ilé kan dìde sọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kà wọ́n tí wọn ò pé lóòótọ́, ilé gbọ́dọ̀ tú ká. Ẹyọ ẹnì kan péré o, tó mọ ìlànà.

Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pe àwọn tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò wá nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n wá nígbà kejì. Ní 2022, ilẹ̀kùn ṣí. Nínú kọ̀ǹpútà 40, 11 ló tàn.

Ọdún yẹn náà ni ọ̀rọ̀ Alága dé ojú ẹ̀. Òfin dín ọjọ́ orí kù, kò dín owó kù. APC ta fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì náírà, ti ilé aṣojú-ṣòfin ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, ìwé òfin sì ní ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ò bá fà kalẹ̀ kò lè dupò. Ẹgbẹ́ tí Alága fojú sí, a ò ní dárúkọ rẹ̀. A dáwó, a ṣírò, a tún un ṣírò. Fọ́ọ̀mù nìkan kọ́, àwọn tí yóò dìbò abẹ́lé náà ń retí nǹkan. Alága pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó ní ká jẹ́ ká sùn. Ìbò 2023 kọjá, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Kwara, Rukayat Shittu, ọmọ ọdún 26, wọlé láti ẹkùn Owode/Onire. Ká ní òfin àtijọ́ ṣì wà, ì bá ṣì máa dúró di 30. Alága ló fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí wa. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ní Sátidé, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní gbọ̀ngàn náà, mẹ́ta mẹ́ta sídìí kọ̀ǹpútà kan. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan nínú wọn, ọmọ ọdún 21, ní, "Bọ̀dá Alága, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni ọdún 25 lè wọ ilé ìgbìmọ̀?"

Alága dá a lóhùn pẹ̀lú ìbéèrè. "Kí lorúkọ aṣòfin ẹkùn rẹ?"

Ọmọ náà dá orúkọ rẹ̀ láìronú, ó fi ọjọ́ tí wọ́n ń jókòó kún un. Àwa mẹ́ta yòókù wo ilẹ̀. Alága fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣí ìwé òfin sí Abala 106, ó ní kó kà á sókè.