Kí A Tó Kó Kọ̀ǹpútà, Ẹ Jẹ́ Ká Ro Ti Òjò

Láfún ni ìyá mi ń ṣe tà ní Ibafo. Ìfọ̀ ni ẹ̀gẹ́ wọn ti ń wá, ọjà Mowe sì ni wọ́n ń tà á sí jù. Bí wọ́n bá rẹ ẹ̀gẹ́ tán, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn kó tó gbẹ. Bí òjò bá pa á, yóò bu, owó ilé-ìwé wa sì bá a lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo àsọtẹ́lẹ̀ òjò lórí fóònù láràárọ̀ kí Màámi tó sá láfún.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, áàpù tí mò ń lò dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Oòrùn ọjọ́ Ajé ló ṣì ń fi hàn ní Ọjọ́bọ̀. Odidi àpò láfún méjì ni òjò bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ni áàpù náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń kó kọ̀ǹpútà àwọn lọ sí ibòmíràn ni.

Mo bi olùkọ́ wa nípa rẹ̀. Wọ́n ní áàpù kì í dá ojú ọjọ́ wò fúnra rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ló ń kó ìròyìn jọ láti orí sátẹ́láìtì àti ibùdó ìwọn òjò, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n mọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kó lọ, nọ́ńbà àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń yí padà. Maigádì tí kò mọ ojú àlejò kò sì ní ṣí géètì.

Síbẹ̀, a lè kó láìjẹ́ kí ìròyìn dúró. ECMWF, àjọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀ kúrò ní Reading, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Bologna, ní Ítálì. Wọn kò pa ti Reading kí ti Bologna tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ jọ ṣiṣẹ́, àwọn tó ń gba ìròyìn sì dán ti tuntun wò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, 2022, ni Bologna gba iṣẹ́. Oṣù yẹn gan-an ni omíyalé ń ṣọṣẹ́ ní Nàìjíríà, ènìyàn tó lé ní 600 ló sì bá a lọ lọ́dún náà. Ta ló fẹ́ kí ìròyìn òjò dákẹ́ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀?

Màámi kò mọ server, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọgbọ́n yìí. Nígbà tí wọ́n ń kó ìsọ̀ wọn kúrò ní Ìfọ̀, wọ́n ti sọ fún àwọn oníbàárà ṣáájú. Àǹtí mi sì jókòó sí ìsọ̀ àtijọ́ fún oṣù kan gbáko.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó kọ̀ǹpútà, ẹ tètè sọ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun fún àwọn tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ àti ti tuntun jọ ṣiṣẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ọjọ́ òní ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti àná. Àwọn tó ń sá nǹkan sóòrùn ní Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀ kò mọ ibi tí kọ̀ǹpútà yín wà, kò sì pọn dandan kí wọ́n mọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá òjò ń bọ̀.