Láti Èkó dé Bantama: Báwo Ni Ọ̀nà Náà Ṣe Jìn Tó?

Ẹ wo máàpù: Èkó àti Kùmásì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí ìlà kan náà, ọ̀kan níhà ìlà-oòrùn, èkejì níhà ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Èkó dé Kùmásì, nǹkan bí 540 kìlómítà ni yóò fò. Díẹ̀ ló fi ju Èkó sí Àbújá lọ. Àmọ́ èèyàn kì í ṣe ẹyẹ.

Àwọn tó ń wọ bàálù sábà máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí Accra. Ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan nìyẹn. Láti ibẹ̀ dé Kùmásì kò tó wákàtí kan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi àyẹ̀wò ẹrù àti dídúró de bàálù kejì kún un. Ẹ rántí pẹ̀lú pé aago Gánà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ẹni tó gbéra l'Ékòó ní aago mẹ́sàn-án lè balẹ̀ sí Accra kí aago ibẹ̀ ṣì máa lu mẹ́sàn-án.

Ọ̀nà ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀: Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, Aflao, Accra, kí a tó wá rin nǹkan bí 250 kìlómítà sí i wọ Kùmásì. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì ń jẹ àkókò ju ọ̀nà fúnra rẹ̀ lọ. Láti ìgbà àdéhùn ECOWAS ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti lo 90 ọjọ́ ní Gánà. Síbẹ̀, ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, ti àwọn ọmọdé náà pẹ̀lú.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń rin ọ̀nà yìí. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò àti Ọ̀fà ti ń ṣòwò ní Gánà tipẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi jáde. Ọ̀pọ̀ fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Àwọn ẹbí mìíràn pín sí méjì, apá kan ṣí wálé, apá kan kù síbẹ̀.

Àdúgbò ńlá ni Bantama ní Kùmásì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin egungun àwọn ọba Asante sí tẹ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dáná sun ilé náà ní 1896. Ibẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye wà. Nínú ọgbà rẹ̀, ẹ ó rí idà kan tí wọ́n ní Okomfo Anokye, àwòrò ọba Osei Tutu, gún mọ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè fà tu. Ẹni tó bá ti rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ifẹ̀ yóò mọ irú ojú tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń wò ó.

Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà tàbí ọmọ kékeré lọ, ẹ sun Accra mọ́jú kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Bí ẹ bá sì ní ẹbí tó kù síbẹ̀ láti 1969, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú kí ẹ tó lọ wò wọ́n. Àwọn tó mọ orúkọ tí a ń pe ara wa ti ń dàgbà.