Ìwé Ìtàn Àti Àkókò Ìrun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí a bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìwé kíkà. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìlaròó, ìwé Atọ́ka ni àwa ọmọ ilé wa fẹ́ràn jù. Ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Àwòrán àwọn eléré orí ìtàgé ni wọ́n fi ń sọ ìtàn inú rẹ̀. Àtùpà ni a fi ń kà á lóru. Bí a óò bá fi jí, ìrun Àsùbá á ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí bàbá wa mọ ìdí rẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, wọ́n tì í pa. A sunkún títí.

Ní ọjọ́ kan, a mú Kékeré Ẹkùn wálé, ìwé tí Afọlábí Ọlábímtán kọ ní ọdún 1967. A sọ fún bàbá pé ọmọ Ìlaròó ni ó kọ ọ́. Wọ́n ní kí a kà á sí àwọn létí. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Ìṣái ni a ń kàwé fún wọn, títí wọn yóò fi ní ó tó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó kọ́kọ́rọ́ àpótí fún wa.

A wá rí i pé ìwé kò jẹ̀bi; àwa tí kò mọ àkókò ni a jẹ̀bi. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jó ìwé ọmọ yín. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ ohun tí ó ń kà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa kàwé, ṣùgbọ́n kí ìrun ṣáájú.