Sàláàdì Tútù ní Ìjọra Badia

Àwọn ará Ítálì a máa jẹ fennel ní tútù, pẹ̀lú omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Ní Ìjọra Badia, níbi tí a kó àwọn ará Olúwọlé lọ ní 1973 nítorí Gbọ̀ngàn Tíátà Igànmú, ẹ̀fìnrín ni mo fi rọ́pò rẹ̀ nínú kábéèjì àti kùkúmbà. Òórùn wọn kò jọra o, ṣùgbọ́n ẹ̀fìnrín náà ń ta sánsán.

Omi gan-an ni iṣẹ́ wà. Ewé tí a kò ní sè kò ní iná tí yóò gbà á lọ́wọ́ àrùn, omi kẹ́ẹ̀gì orí ọmọláńke kò sì ṣeé fọkàn tán. Ẹ sè é kí ó hó, kí ó tutù, kí ẹ tó fi ṣan ewé. Kẹrosíìnì yìí ni kò jẹ́ kí sàláàdì jẹ́ oúnjẹ ọ̀pọ́ níbẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iná lè lọ kí fíríìjì tó tutù.