Ojú Kan Náà, Ìwà Ọ̀tọ̀



Mo ra ìwé àlòkù kan ní Dùgbẹ̀: The Boys from Brazil, tí Ira Levin kọ ní 1976. Nínú ìtàn náà, dókítà kan, ọmọlẹ́yìn Hitler, mú díẹ̀ nínú ara ọ̀gá rẹ̀, ó fi ṣe ọmọkùnrin 94. Òru kan ni àbúrò mi fi kà á tán; ó ní ìtàn náà dùn, ó ń sáré. Ìyàwó mi kò kà á tán. Ẹ̀rù bà á: “Bí èèyàn bá lè dá èèyàn, kí ló kù fún Ọlọ́hun?”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àgùntàn Dolly ní Scotland, tí wọ́n bí i ní 1996, ẹyin 277 ni wọ́n fi gbìyànjú kí wọ́n tó rí òun nìkan. Ẹyin tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n sì lò. Wọn kò dá ọ̀kankan.

Mo wá nawọ́ sí àwọn ìbejì wa. Ẹyin kan ló pín sí méjì, tó di wọ́n. Táíwò kì í fẹ́ pẹ́ dé ilé kéú. Kẹ́hìndé, ẹ̀bẹ̀ la fi ń jí i. Dókítà inú ìwé pàápàá mọ̀ pé ojú nìkan kò tó: ó ń wá bí wọn yóò ṣe tọ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe tọ́ Hitler.

Ẹ̀yin òbí, títọ́ ọmọ ni kó máa bà wá lẹ́rù. Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ wọn. Àmín.